Okùn ọwọ́ tí kò dé ilẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọyẹ́ ti ń sún mọ́lé. Láìpẹ́, ètè á máa là, aṣọ á sì máa ta páápáá lára bí a bá ń bọ́ ọ lálẹ́. Àsìkò yìí ló burú jù fún páńẹ́lì fóònù àti ti kọ̀ǹpútà tó bá wà ní ìhòòhò lórí tábìlì àtúnṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa láàyè díẹ̀ ká sọ ohun tó ń pa wọ́n, ìyẹn iná státíìkì, àti bí a ṣe lè dá a dúró. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí a ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Ìkòròdú, ó kan oníbàárà, ó sì kan lańlọ́ọ̀dù tó ni ṣọ́ọ̀bù.

Bí fóònù bá kúrò lọ́wọ́ ẹni tó tún un ṣe lónìí tó sì kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀sùn méjì ló sábà máa ń tẹ̀lé e. Oníbàárà á ní wọ́n ti yọ ojúlówó inú fóònù òun. Ọ̀gá á ní ọjà tí òun rà ní Computer Village ni kò dáa. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni ọ̀kan nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìdí kẹta wà tí ẹnikẹ́ni kì í fẹnu bà, torí pé ojú ò rí i. Òun ni iná státíìkì, ìyẹn iná tó máa ń gbára jọ nígbà tí nǹkan méjì bá fara kanra tí wọ́n sì tún yà.

Ara èèyàn kì í mọ̀ pé iná yìí ta òun àfi tó bá tó nǹkan bíi 3,000 fọ́ọ̀tì (volt, òṣùwọ̀n agbára iná). Àwọn IC kan, ìyẹn ègé dúdú kéékèèké tó ń ṣiṣẹ́ ọpọlọ lórí páńẹ́lì, sì wà tí 100 fọ́ọ̀tì péré ti tó láti bà jẹ́. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín méjèèjì. Ọwọ́ lè pa ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹwàá lọ́jọ́ kí ọwọ́ náà má sì mọ nǹkan kan. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "ó ti pé ogún ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, iná kò ta mí rí" kò tíì wí nǹkan kan nípa páńẹ́lì tó wà níwájú rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú IC rèé. Awọ kan wà níbẹ̀ tó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà, òun ló ń dá iná dúró kó má bàa gba ibi tí kò yẹ. Státíìkì á lu awọ yẹn. Bí ó bá lu ú já pátápátá, ẹ̀rọ á kú lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì tán. Èyí tó burú jù ni èyí tó kàn dá a lápàá. Ó dà bí okùn kànga tí eku ti gé títí tó ku fọ́nrán kan: ó ṣì ń fa korobá lónìí, gbogbo èèyàn sì ń rò pé ó le. Ooru ṣájà àti ooru ojoojúmọ́ á máa fẹ ibi tó dá náà sí i, títí ọjọ́ kan tí fóònù kò ní tan mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì tí oníbàárà ń sọ kì í ṣe irọ́.

Ẹni tó bá rìn lórí rọ́ọ̀gì nígbà tí afẹ́fẹ́ gbẹ táútáú lè kó tó 35,000 fọ́ọ̀tì sára. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá lómi, ìrìn kan náà lórí rọ́ọ̀gì kan náà kì í ju bíi 1,500 lọ. Ẹni tó bá gbé náílọ́ọ̀nù kúrò lórí tábìlì nínú ọ̀gbẹlẹ̀ lè kó 20,000, bí ọ̀rinrin bá sì wà, bíi 1,200. Àwa tí ọ̀sà wà létí ilé wa ní Ẹ̀bútẹ́ àti Ìgbógbó máa ń rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè ọya lèyí. Òótọ́ ni pé ọ̀rinrin tiwa pọ̀ ju ti Kánò lọ. Àmọ́ 1,200 yẹn náà jẹ́ ìlọ́po 12 ohun tó lè ba IC jẹ́. Ẹ̀rọ amúlétutù sì ti wà nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù báyìí, bẹ́ẹ̀ ó máa ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo sikirínì pípààrọ̀, torí òun ló wọ́pọ̀ jù. Sikirínì tuntun máa ń dé pẹ̀lú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú. Ọ̀gá á fi èékánná gbé etí ọ̀rá náà, á sì fà á ya fààà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ọ̀rá yẹn ṣe ń yà kúrò lára gíláàsì ni iná ń gbára jọ, ọ̀rá mú apá kan, gíláàsì mú apá kejì, bẹ́ẹ̀ IC tó ń darí sikirínì wà létí gíláàsì náà níbẹ̀, wáyà pẹlẹbẹ rẹ̀ sì ń rọ̀ dirodiro. Bí ẹnu wáyà náà bá wá kan ìka ọwọ́ tàbí irin, iná ti rí ọ̀nà gbà, inú IC ló sì máa gbà kọjá. Ẹ fa ọ̀rá náà díẹ̀díẹ̀, kí okùn tó ń gbé státíìkì láti ara lọ sínú ilẹ̀ wà lọ́rùn ọwọ́, etí wáyà pẹlẹbẹ ni kí ẹ sì dì mú, kì í ṣe ẹnu rẹ̀ tó pọ́n bíi wúrà.

Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí a fi ń fọ páńẹ́lì náà ń kọ́? Náílọ́ọ̀nù ni irun rẹ̀. Bí a bá fi gbo páńẹ́lì ní gbígbẹ, iná là ń kó sí i lára. Búrọ́ọ̀ṣì dúdú tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ yìí wà lọ́jà. Tí kò bá sí lọ́wọ́, ẹ yọ bátìrì kúrò, kí ẹ fi isopropyl, ìyẹn ọtí tí a fi ń fọ páńẹ́lì, rẹ irun búrọ́ọ̀ṣì náà dáadáa kó tó kan páńẹ́lì.

Àwọn tó ń tún ínfátà ṣe mọ IRF3205, tiransísítọ̀ kan tó ń tan iná tó sì ń pa á nínú ínfátà, bí ẹní mowó. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní gate lára rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ rí ju 20 fọ́ọ̀tì lọ sí ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní source, ohun tó bá ti kọjá ìyẹn lè lu ú. Síbẹ̀ fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di oúnjẹ ni àwọn ọlọ́jà kan ń gún ẹsẹ̀ rẹ̀ sí, fóòmù yẹn sì wà lára ohun tó ń kó státíìkì jọ jù láyé. Fóòmù dúdú tó ń gba iná kọjá ni kí ẹ bèèrè, gbogbo ẹsẹ̀ á wà ní ìpele iná kan náà nínú rẹ̀.

Okùn ọrùn-ọwọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó wà lórí tábìlì, ó sì ti ń wà lórí ọ̀pọ̀ tábìlì ní Sábó báyìí, ìyẹn dùn mọ́ wa. Ohun tó ń dùn wá ni ibi tí orí kejì rẹ̀ máa ń wà. Kílíìpù ẹlẹ́nu ọ̀nì tó wà ní ìparí wáyà náà máa ń rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, tàbí kó gé ẹsẹ̀ àga oníke jẹ. Ẹ̀gbà ọwọ́ lásán lèyí. Àwọn mìíràn ń wo fídíò láti ìlú òyìnbó, níbi tí wọ́n ti ní ká so ó mọ́ páìpù omi. Páìpù ọ̀hún jẹ́ irin tó wọlẹ̀ lọ́hùn-ún. Tiwa níbí, láti ẹnu bọ̀hóòlù títí dé ẹnu ẹ̀rọ omi, ike ni, ike kì í sì í gbé iná lọ síbì kankan. Irin ojú fèrèsé náà kò ṣeé gbọ́kàn lé, inú búlọ́ọ̀kù ló parí sí. Èyí tó léwu jù ni kí ẹnìkan so ó mọ́ níútírà, ìyẹn wáyà tí iná fi ń padà, pé "ilẹ̀ náà ṣáà ni." Níútírà kì í ṣe ilẹ̀. Bí wáyà rẹ̀ bá já lórí òpó, tàbí tí oníná bá ṣe ẹsẹ̀ wáyà lódì, òun náà á gbé iná.

A tún rí okùn kan tí kò ní wáyà rárá tí wọ́n ń tà pé òun náà ń ṣiṣẹ́. Kò ṣiṣẹ́. Iná gbọ́dọ̀ rí ibi gbà kúrò lára.

Inú wáyà okùn tó dáa, rẹsísítọ̀ (ẹ̀yà tó ń dín iná kù) mílíọ̀nù kan ohm wà níbẹ̀; ohm la fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó. Ẹ̀mí ẹni tó wọ̀ ọ́ ló ń ṣọ́. Bí ọwọ́ kejì bá ṣèèṣì kan 240 fọ́ọ̀tì, iná tó máa gba okùn náà wọlẹ̀ kò ju 0.24 mílíámpì lọ, ara kò sì sábà mọ ìyẹn. Bí ẹnìkan bá fi wáyà lásán rọ́pò rẹ̀, ara rẹ̀ nìkan ló kù tó máa dá iná dúró, ara èèyàn sì lè má ju 1,000 ohm lọ. Ìyẹn jẹ́ 240 mílíámpì láti ọwọ́ kan gba àyà kọjá sí ọwọ́ kejì. Ó ń pa èèyàn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan fi wáyà ṣe okùn fúnra rẹ̀.

Ara gbọ́dọ̀ kan irin inú okùn náà dáadáa. Lásìkò ọyẹ́, òrí àti ìpara la fi ń gbé ara ró, òróró kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá. Ẹ nu ọrùn ọwọ́ yẹn, kí ẹ fi omi díẹ̀ pa á, kí ẹ tó de okùn kó le, kó má ṣe lọ sókè sórí apá aṣọ. Bí a bá fi mítà (ẹ̀rọ tí àwọn oníná fi ń wọn iná) wò ó láti ara ẹni tó wọ̀ ọ́ dé ẹnu kílíìpù, kò gbọ́dọ̀ kọjá 35 mílíọ̀nù ohm.

Ká wá bọ́ sí ilẹ̀ gan-an, ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ní sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́ta tí ihò kẹta rẹ̀ kò ní nǹkan kan lẹ́yìn. Oníwáyà méjì ni ẹkisitẹ́ńṣọ̀n tí a ń fà kiri, bí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ tilẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Àwọn ṣájà àti páwà (àpótí tó ń fún kọ̀ǹpútà níná) tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta ní kapásítọ̀ kéékèèké, ìyẹn ẹ̀yà tó ń gbé iná pa mọ́, tó ń darí ariwo iná lọ sínú wáyà ilẹ̀, èyí tí àwọn oníná ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Bí wáyà yẹn kò bá dé ilẹ̀, ara irin ẹ̀rọ náà á máa gbé iná, á sì dúró ní nǹkan bí ìdajì iná ilé, bíi 115 fọ́ọ̀tì. Òun ni ó ń ṣe rìrì lọ́wọ́ ẹni tó bá fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù tó wà lórí ṣájà. Iná náà kéré, kò lè pa èèyàn. IC ló ń pa nígbà tí a bá fi wáyà tàbí áyọ́ọ̀nù (irin gbígbóná tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì) kan páńẹ́lì. Ẹ wá ronú sí i pé tábìlì márùn-ún wà lórí wáyà ilẹ̀ kan náà tí kò dé ibì kankan: ìjò iná gbogbo wọn ló ń pàdé níbẹ̀, okùn ọwọ́ tí ẹ so mọ́ ọn á sì máa gbé e bọ̀ wá sára yín.

Nítorí rẹ̀ ni áyọ́ọ̀nù olówó pọ́ọ́kú oníwáyà méjì fi ń ṣe páńẹ́lì léṣe. Áyọ́ọ̀nù tó yẹ fún fóònù ní wáyà mẹ́ta, ẹnu rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ilẹ̀ mu. Ẹ pa á, ẹ yọ ọ́ kúrò lójú iná, kí ẹ fi mítà wọn láti ẹnu rẹ̀ sí ẹsẹ̀ ńlá púlọ́ọ̀gì. Tí ó bá jẹ́ tuntun, kó má ju 2 ohm lọ. Bí ó bá ti kọjá 10, ìdọ̀tí tàbí ìpẹtà ti wọ ibi tí ẹnu ti wọ inú ọ̀pá rẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ nù ún.

Ọ̀pá kọ́pà tí a máa rì mọ́lẹ̀, tí a ó so wáyà ilẹ̀ mọ́, kò gbọ́dọ̀ kúrú ju mítà 1.2 lọ, kó sì nípọn tó mílímítà 16. Ibi tí ilẹ̀ kì í gbẹ ni kí ẹ rì í sí, bí ẹ̀gbẹ́ ibi tí omi balùwẹ̀ ń gbà tàbí abẹ́ òjìji. Létí ọ̀sà, ilẹ̀ á gbà á kíákíá. Lórí ilẹ̀ pupa bíi ti apá Ọdọ́gunyàn, ọyẹ́ lè gbẹ ilẹ̀ náà títí kí ọ̀pá kan má tó mọ́. Ẹ rì méjì, kí wọ́n jìnnà síra tó mítà 2.4, kí ẹ so wọ́n pọ̀. Èédú àti iyọ̀ tí àwọn oníná ń dà sídìí rẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́, àmọ́ iyọ̀ máa ń jẹ kílámpù tó di wáyà mọ́ ọ̀pá, òjò sì ń fọ̀ ọ́ lọ, nítorí náà ẹ máa ṣí i wò lọ́dọọdún. Wáyà tó gòkè láti ìdí ọ̀pá kò gbọ́dọ̀ kéré ju èyí tí àwọn oníná ń pè ní 6 mm² lọ nínú páìpù. Bí ẹ ó bá rì í mọ́lẹ̀ láìsí páìpù, kó jẹ́ 16 mm² tó ní rọ́bà lára. Ojú ibi tí wáyà ilẹ̀ gbogbo ilé ti ń pàdé ni kí ó dé. Ẹ má ṣe rì ọ̀tọ̀ fún tábìlì nìkan, torí bí àrá bá sán, ọ̀pá méjì tí kò mọra máa ń ní iná tó yàtọ̀, ẹ̀rọ tó wà láàárín wọn ló sì máa jẹ ìyà rẹ̀.

Mítà nìkan lè tan èèyàn jẹ nígbà tí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá wáyà ilẹ̀ dáa. Iná tí mítà ń fà kéré débi pé ilẹ̀ tó burú náà á fi 230 hàn. Oníná tó mọṣẹ́ ni kó fi ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ wò ó. Àwọn kan ń fi gílóòbù 60 wáàtì sáàárín wáyà tó gbé iná àti ilẹ̀: bí ó bá ń tàn bàìbàì, ilẹ̀ kò dáa. Àmọ́ lásìkò àyẹ̀wò yẹn, bí ilẹ̀ bá burú, gbogbo irin tó so mọ́ ọn á gbé iná, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án wọ gàù. Ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì kí ó tó dán an wò, kí ẹnikẹ́ni má sì súnmọ́ irin kankan.

Ọ̀pá ilẹ̀ nìkan kò tó láti gba ẹ̀mí là. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ 20 ohm, 230 pín sí 20 jẹ́ ámpì 11.5, fíúsì ámpì 13 kò sì ní já. Irin á máa gbé iná lọ bẹ́ẹ̀. RCD, ìyẹn suwíìṣì tó ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá ń jò, tó ń já ní 30 mílíámpì ni kó wà lórí bọ́ọ̀dù iná ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí a bá lọ ṣiṣẹ́ nílé oníbàárà tí kò sí ilẹ̀ kankan, ọ̀nà ṣì wà. Ìyàtọ̀ iná láàárín nǹkan méjì ló ń pa IC. Ẹ yọ kọ̀ǹpútà náà kúrò lójú iná, ẹ so kílíìpù okùn mọ́ irin ara rẹ̀ níbi tí ọ̀dà kò sí, kí ẹ fọwọ́ kan irin náà kí ẹ tó mú ẹ̀yà tuntun jáde. Ìwọ àti ẹ̀rọ á wà ní ìpele kan náà.

Ibi tí okùn ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ dé rárá ni iwájú ẹ̀rọ tó ṣí sílẹ̀ tí iná ńlá ṣì wà nínú rẹ̀: páwà, ínfátà tó ń ṣiṣẹ́, maikirowéèfù, tẹlifíṣọ̀n oníkùn àtijọ́ tí iná inú rẹ̀ lè tó 25,000 fọ́ọ̀tì. Kapásítọ̀ ńlá inú páwà máa ń gbé bíi 325 fọ́ọ̀tì pa mọ́ lẹ́yìn tí a ti yọ púlọ́ọ̀gì. Ẹ má ṣe fi sukurudíráfà so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó ń fò, ó ń jó ojú páńẹ́lì, irin gbígbóná sì lè bọ́ sójú èèyàn. Rẹsísítọ̀ 2,200 ohm, 10 wáàtì, tí wáyà rẹ̀ wà nínú rọ́bà, ni kí ẹ gbé lé e fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, kí ẹ sì fi mítà wò ó pé ó ti bọ́ sísàlẹ̀ kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀.

Nípa ìfipamọ́: náílọ́ọ̀nù dúdú tí a fi ń ra ẹ̀pà kọ́ ni ká fi di páńẹ́lì. Àpò aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́ kì í kó státíìkì jọ, àmọ́ kò lè dá ti òde dúró. Aláwọ̀ fàdákà ló ń dáàbò bò ó, inú rẹ̀ ni kó sì wà. Ẹ má ṣe tan páńẹ́lì lórí àpò náà, ara rẹ̀ ń gba iná kọjá. Fóìlì mọ́ínmọ́ín lè dípò rẹ̀ fún RAM (mẹ́mórì kọ̀ǹpútà). Kò yẹ fún páńẹ́lì tó ní bátìrì lára, torí ó máa so ẹsẹ̀ bátìrì pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká yà sí ọ̀rọ̀ bẹntiróòlù díẹ̀, torí jẹnẹrétọ̀ wà nídìí gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Státíìkì tí ara bá ti lè mọ̀ lágbára tó láti dáná sun afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára bẹntiróòlù. Ilẹ̀ ni kí kẹ́ẹ̀gì wà nígbà tí wọ́n bá ń rọ epo sí i, kì í ṣe lẹ́yìn ọ̀kadà tàbí lórí rọ́ọ̀gì inú ọkọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá, kí ẹ tó fún ọmọ iṣẹ́ ní fíríídọ̀mù, ẹ bá wa bi í léèrè ibi tí okùn ọwọ́ rẹ̀ parí sí, kí ó sì fi mítà hàn yín. Ẹ̀yin lańlọ́ọ̀dù, ètò ilẹ̀ kan lè sin gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà lórí ìlà kan, kí RCD sì wà lórí bọ́ọ̀dù ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ wo púlọ́ọ̀gì áyọ́ọ̀nù ọ̀gá tó ń tún fóònù yín ṣe, ẹ wo ibi tí kílíìpù wà, ẹ wo ohun tó fi di páńẹ́lì yín. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè.

Fún ẹni tó bá ti ní okùn tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ àárọ̀ ọ̀la rèé. Gbé mítà sí 2 tàbí 20 mílíọ̀nù ohm, fi ẹnu kan sára irin inú okùn, fi èkejì sẹ́nu kílíìpù, kí o sì máa fa wáyà náà síhìn-ín sọ́hùn-ún níbi tó ti wọ inú okùn, torí ibẹ̀ ló máa ń já sí láìhàn sójú. Láàárín 0.8 sí 1.2 mílíọ̀nù ni kó wà. Bí òǹkà bá ń fò, ra òmíràn kí o tó ṣí fóònù ẹnikẹ́ni.

Àwa díẹ̀ nínú àwọn tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe,
Sábó, Ìkòròdú.